Stone ni ọmọ mi ń wò, ọkọ mi rò pé òun ni

Ọmọ mi kò wo ojú bàbá rẹ̀ rí. Kò wò ó rí láti ọjọ́ tó ti dáyé... ọkọ mi sì ń fi gbogbo ẹnu sọ fún àwọn èèyàn ní Àbíjàn pé kò sí ọmọ tó mọ bàbá rẹ̀ bí ọmọ tòun. Èmi ni mo fà á. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń ṣe é, ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo sì ń rẹ́rìn-ín sí fóònù bíi pé kò sí nǹkan kan. Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí page yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pè mí ní òpùrọ́, ẹ kọ́kọ́ kà á dé ìsàlẹ̀. Mo mọ̀ pé òpùrọ́ ni mí. Ẹni tó máa sọ ohun tí mo lè ṣe fún mi ni mò ń wá, torí mi ò ní ẹni tí mo lè fi ọ̀rọ̀ yìí lọ̀ nítòsí.

Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ ká máa pe ọmọ náà ní Àṣàkẹ́. Ọmọ Ìfọ́n ni mí, ọmọ Ìlọ́bù ni ọkọ mi, ilé bàbá rẹ̀ ní Ìlọ́bù sì ni mò ń gbé. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ agbègbè wa á ti mọ̀ pé tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ láàárín ìlú méjèèjì bá ti hó, irú ìyàwó bíi tèmi kì í mọ ibi tí yóò kọjú sí. Télọ̀ ni mí. Aṣọ obìnrin ni mò ń rán, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi mọ̀ mí jù ni stone, àwọn òkúta wẹ́wẹ́ tó ń dán yẹn tí a máa ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ara léèsì àti búláòsì. Tí ẹ bá rí obìnrin tí àyà búláòsì rẹ̀ ń kọ mànà lágbègbè wa, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọwọ́ mi ló ti jáde. Ẹ rántí stone yìí o, torí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Àṣàkẹ́ kò tíì dá jókòó nígbà tí bàbá rẹ̀ lọ sí Àbíjàn, ó ń ta spare parts ọkọ̀ níbẹ̀. Èmi àti ọmọ wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Màámi ni mò ń pè wọ́n, mi ò sì ní purọ́ mọ́ wọn, èèyàn dáadáa ni wọ́n. Nígbà tí wàhálà ilẹ̀ gbóná, tí wọ́n kéde kónílégbélé, tí àwọn kan ládùúgbò ń wò mí bí ẹni tó gbé iná pamọ́ sábẹ́ ìró, Màámi ló dúró lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ní ìyàwó ọmọ àwọn ni mí, ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn mí kó kọ́kọ́ fọwọ́ kan àwọn. Mi ò lè gbàgbé ìyẹn láéláé. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dùn mí jù, torí àwọn náà wà lára àwọn tí mò ń tàn.

Ẹ wá wo bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa níbí, ọmọ kì í tẹjú mọ́ àgbà. Tí àgbà bá ń bá ọ sọ̀rọ̀, wàá kúnlẹ̀, ilẹ̀ ni wàá máa wò. Ọmọ tó bá gbójú sókè wọ́n á ní ojú rẹ̀ le, wọ́n á ní ó ń wo àgbà bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Àṣàkẹ́ wá ń rìn, tí àlejò bá dé, tí wọ́n ní kó wá kí àwọn, ilẹ̀ ló ń wò. Tí kì í bá ṣe ilẹ̀, á jẹ́ bọ́tìnnì aṣọ wọn tàbí ago ọwọ́ wọn. Màámi á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí àwọn èèyàn wá wo ọmọ tí wọ́n kọ́ kó tó wáyé. Àwọn obìnrin àdúgbò ń fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ tiwọn... wọ́n á ní ẹ wo ọmọ Ìyá Àṣàkẹ́, kò wo àgbà lójú rí. Inú mi á dùn! Mo ń rìn ládùúgbò bí ẹni tó gba oyè. Ta ni kò ní dùn mọ́? Ṣé ẹnikẹ́ni máa ń gbé ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ilé ìwòsàn ni?

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tiwa náà ní apá kejì, ojú lọ̀rọ̀ wà. Ìyá mi ní Ìfọ́n kì í la ẹnu bá wa wí níwájú àlejò. Àlejò á na bisikíìtì sí ọ, ìwọ á kọ́kọ́ yọ́jú wo ìyá rẹ, ojú ìyá rẹ ló máa sọ bóyá kí o kúnlẹ̀ gbà á tàbí kí o sọ pé o ti yó, bí ebi tilẹ̀ ń pa ọ́ kú lọ. Ìyẹn ni mo fẹ́ kọ́ Àṣàkẹ́. Mo fojú sọ, mo tún fojú sọ, mo ranjú títí ó fi ku díẹ̀ kí ojú bọ́ lórí mi... kò sẹ́ni tó ń gba iṣẹ́ tí mò ń rán. Kò ní wò mí, kò ní wo àlejò. Bisikíìtì nìkan ni yóò wò. Á wá di ọrùn ọwọ́ àlejò mú, á gbé ọwọ́ yẹn lé orí ọ̀rá bisikíìtì kó lè bá òun ya á, bíi pé ọwọ́ yẹn kò ní ẹni tó ni ín. Tí mo bá nawọ́ sí nǹkan, tí mo ní wo ewúrẹ́ lórí ògiri, òrùka ọwọ́ mi ló máa wò. Ewúrẹ́ á gun ògiri, á bẹ́ sílẹ̀, á bá tiẹ̀ lọ... òrùka ló ṣì ń wò.

Ẹ má rò pé kì í wo nǹkan o. Há! Tí mo bá ń rán aṣọ, á dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì, á máa fi ìkangun ojú wo wíìlì rẹ̀ tó ń yí, mo lè rán búláòsì kan tán kó má kúrò níbẹ̀. Tó bá wá jẹ́ stone ni mò ń lẹ̀, á dúró tì mí, á máa yí orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ inú stone lè máa yí àwọ̀ padà, á sì máa rẹ́rìn-ín músẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ̀rín yẹn... mi ò rí irú rẹ̀ gbà rí. Èmi á máa wò ó, òun á máa wo stone. Mo ń jowú òkúta, ẹ gbọ́ bẹ́ẹ̀? Èmi tí mo lóyún rẹ̀, tí mo bí i. Ó níjọ́ tí mo fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú, mo ní kó wò mí, kó ṣáà wo ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan... ojú rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ orí mi kọjá, ó wá figbe ta, ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ọkọ mi máa ń ṣe video call lọ́jọ́ Jímọ̀, tó bá ti kírun tán. Lórí fóònù, ẹ̀kọ́ tí Màámi ń yìn di ẹ̀ṣẹ̀. Ọkọ mi kò fẹ́ ọmọ tó ń wo ilẹ̀, ọmọ tó máa wo òun ló fẹ́. Á máa pè é, á máa ki oríkì rẹ̀, á máa pàtẹ́wọ́, á dé fìlà, á ṣí i... Àṣàkẹ́ á máa wo fáànù. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí bi mí léèrè bóyá a kì í sọ fún ọmọ pé òun ni bàbá rẹ̀. Ó bi mí bóyá ọkùnrin kan wà tó ń pè ní bàbá. Bàbá Àṣàkẹ́ tí mo mọ̀ kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wá dá video dúró, ó wá ń pe ohùn lásán, á ní kí n bá òun kí ọmọ, ó tán. Ọjọ́ kan ló sọ gbólóhùn kan tí kò kúrò létí mi títí dòní, ó ní, "Tí mo bá kú síbí, tí wọ́n gbé mi wálé, ọmọ mi ò ní mọ òkú bàbá ẹ̀." Mo kàn ń sunkún síbẹ̀ ni.

Jímọ̀ kan ló wá pe video padà, bóyá àárò ló ń sọ ọ́, mi ò mọ̀. Aṣọ oníbàárà kan tí wọ́n ń dúró dè ló wà lọ́wọ́ mi, gọ́ọ̀mù wà ní gbogbo ìka mi. Bí mo ṣe gbé fóònù, stone búlúù kan lẹ̀ mọ́ ọn lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí kámẹ́rà wà. Mi ò tiẹ̀ mọ̀. Mo fi fóònù ti ara ìgò gọ́ọ̀mù, mò ń kí ọkọ mi... ni Àṣàkẹ́ bá dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó gbé ojú rẹ̀ sún mọ́ fóònù pẹ́kípẹ́kí, ó tẹjú mọ́ ọn, ó yí orí díẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn gan-an! Ẹ wá fi ara yín sípò ọkùnrin tó wà ní Àbíjàn. Ohun tí òun rí ni pé ọmọ òun rìn wá bá òun, ó wo inú ojú òun, ó rẹ́rìn-ín sí òun. Ọkọ mi bú sẹ́kún. "Ó ń wò mí," ló ń wí, "Ìyá Àṣàkẹ́, ó ń wò mí." Ìgbà yẹn ni mo wá rí stone. Mo la ẹnu láti sọ fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹni tó máa sọ ọ́ nínú yín hàn mí... ta ni? Mo pa ẹnu mi dé.

Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni mo fi mọ, ìbá sàn. Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, kó tó pè, mo mọ̀ọ́mọ̀ lẹ stone yí kámẹ́rà ká. Mo ti wá di ọ̀gá nínú irọ́ báyìí. Mo mọ̀ pé búlúù ló fẹ́ràn jù, mo mọ ibi tí oòrùn máa ń gbà wọlé lẹ́nu ọ̀nà lásìkò yẹn, mo mọ bí mo ṣe lè fi ọwọ́ yí fóònù bíńtín kí stone kọ mànà, kí ọmọ sì rẹ́rìn-ín síbi tí bàbá rẹ̀ bá oríkì dé gan-an. Ọkọ mi á kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ lẹ́yìn ìrun, á ní kí wọ́n wá wo ọmọ òun, wọ́n á máa kí i kú oríire. Ọkùnrin náà yí padà pátápátá. Ó ń pe ìyá mi ní Ìfọ́n, ó ń kí wọn bí àna rere. Ó ń bá èmi náà ṣeré bíi ti ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ́ra. Stone kékeré kan ló tún ilé mi tò... báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣí i kúrò? Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a. Èmi kàn ń bẹ òótọ́ pé kó rọra máa bọ̀ ni.

Ikọ́ ló gbé wa dé sẹ́ńtà ìlera ní Ìfọ́n, nígbà tí mo lọ kí ìyá mi. Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀, ó fún Àṣàkẹ́ lóògùn, kò wá jẹ́ ká lọ. Ó pe orúkọ rẹ̀, ó nawọ́ sí nǹkan, ó ju bọ́ọ̀lù kékeré sí i, ó ń wò ó. Ó wá bi mí ní ìbéèrè kan tó jọ pé kò ní láárí. Ó ní, "Ṣé ó máa ń gbé nǹkan wá hàn yín? Kì í ṣe kẹ́ ẹ bá a ṣí i o... kẹ́ ẹ kàn rí i ni." Àwọn ọmọ àdúgbò máa ń mú kòkòrò àti pépà bisikíìtì wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ní Ìyá Àṣàkẹ́ ẹ wò ó. Ọmọ tèmi kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Kò pè mí wo nǹkan kan rí láyé rẹ̀. Ojú ìjókòó yẹn ni gbogbo ìyìn tí wọ́n ti ń yìn mí ládùúgbò ti di ẹrù lọ́rùn mi.

Nọ́ọ̀sì ní ká lọ sí Òṣogbo. Dókítà tí wọ́n darí wa sí níbẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó wá sọ pé autism ni wọ́n ń pè é. Ó ní kì í ṣe èpè, kì í ṣe àìsàn tó ń ràn, kì í ṣe ohun tí mo jẹ nínú oyún. Ó ní bí a ṣe ń wo ojú èèyàn kọ́ ni àwọn ọmọ mìíràn ṣe ń wò ó, pé ojú èèyàn kì í dúró jẹ́ẹ́, ipénpéjú ń ṣẹ́, ẹnu ń mì, iwájú orí ń hunjọ, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè pọ̀ jù fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Stone, fáànù, wíìlì, ìwọ̀nyẹn kì í tan èèyàn, bí o ṣe bá wọn lánàá ni wàá bá wọn lónìí. Ó ní kò túmọ̀ sí pé kò fẹ́ràn mi. Ó ní kí n má dì í lẹ́rẹ̀kẹ́ mú mọ́, ohun tó bá ń wò ni kí èmi náà jókòó tì í kí n máa wò, láti ibẹ̀ ni a ti lè máa pàdé. Mo sunkún lọ́dọ̀ dókítà yẹn títí ojú fi tì mí. Ó wá sọ nípa olùkọ́ kan ní Òṣogbo tó ń kọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, àwọn díẹ̀ péré ló máa ń gbà kó lè ráyè gbọ́ tiwọn, pé ìgbà tí ọmọ ṣì kéré ló dára jù. Olùkọ́ náà gbà pé tí Iléyá bá ti kọjá kí n mú un wá, ohun kan ṣoṣo tó béèrè ni pé kí bàbá rẹ̀ mọ̀ sí i kó sì fọwọ́ sí i, torí ó ti rí ọ̀pọ̀ ọmọ tí bàbá wá fà kúrò láàárín kan.

Mo sọ fún ọkọ mi. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe eré, inú bí i. Ó ní, "Ọmọ tó ń wò mí lójú, tó ń rẹ́rìn-ín sí mi? Ṣé dókítà yẹn mọ ọmọ mi jù mí lọ ni?" Ẹ ò rí i báyìí? Irọ́ mi ló gbé dìde bí ẹ̀rí. Ó ti ń ya àwòrán ọmọ náà látinú fóònù nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀, mi ò mọ̀. Ó kó gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi pé kí n lọ fi han dókítà kí ojú tì í. Ojú Àṣàkẹ́ ṣí rekete nínú gbogbo wọn, ó ń wo iwájú, ó ń rẹ́rìn-ín. Tí ẹ bá fẹ àwòrán náà dáadáa, ẹ máa rí nǹkan búlúù kékeré kan nínú ẹyinjú rẹ̀. Ọkọ mi ní ìmọ́lẹ̀ ni, ó ní ojú ọmọ òun ní ìmọ́lẹ̀. Ó tún wá sọ pé ẹ̀yin ará Ìfọ́n lẹ fẹ́ so orúkọ burúkú mọ́ ọmọ Ìlọ́bù lọ́rùn. Ó bẹ̀ mí lọ́jọ́ kejì pé inú ló bí òun, mo ní kò burú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde.

Mo kúnlẹ̀ bá Màámi, mo ní kí wọ́n bá mi bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n wò mí tàánútàánú. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ọmọ tí kì í wo àgbà lójú, àìsàn ni wọ́n tún ń pe ìyẹn láyé yìí?" Nílé, kì í wo èèyàn, wọ́n ní ẹ̀kọ́ ni. Lórí fóònù, ó ń wo èèyàn, wọ́n ní ìfẹ́ ni. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé kò sí èyí tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú méjèèjì.

Mo gbìyànjú, ẹ má rò pé mi ò gbìyànjú. Mi ò lè fi ẹnu sọ ọ́, mo wá ní kí fóònù fúnra rẹ̀ sọ ọ́. Mo ṣí gbogbo stone kúrò lára rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mo kó wọn sórí itan mi, mo ń dúró. Bí fóònù ṣe dún, Àṣàkẹ́ sáré wá, torí ó ti mọ ohùn rẹ̀. Ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín pé ọmọ òun ń sáré bọ̀. Ó dé ibẹ̀, ó wá stone, kò rí i. Ó ń fi ìka ha ibi tí wọ́n ti máa ń wà, ó yí fóònù síwá, ó yí i sẹ́yìn, ló bá figbe ta, ó ń fi orí gbá tábìlì. Bàbá rẹ̀ ń pariwo láti Àbíjàn pé kí ni mo fi ọmọ òun ṣe, kí ni mo fi ṣe é. Màámi já wọlé pẹ̀lú omi àlùwàlá lọ́wọ́ wọn. Kí lẹ rò pé mo ṣe? Ṣé mo sọ òótọ́? Mo mú stone kan lórí itan mi, mo lẹ̀ ẹ́ padà. Àṣàkẹ́ dákẹ́. Ó wò ó, ó mí kanlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé lójú. Mo gbọ́ tí bàbá rẹ̀ rọra ń sọ pé, "Alihamudulilahi, ó ti rí mi." Màámi wo ọwọ́ mi tó kún fún gọ́ọ̀mù, wọ́n wo ojú mi, wọ́n padà sídìí àlùwàlá wọn. Mi ò mọ ohun tí wọ́n rí. Wọn ò bi mí, mi ò sì sọ fún wọn.

Ní báyìí, ó ń bọ̀ wálé fún Iléyá. Ó ti ra aṣọ ọmọ, ó ti sọ fún gbogbo èèyàn pé ọmọ òun á sáré pàdé òun ní gáréèjì. Èyí tó wá já mi láyà jù ni pé ó ní tó bá ń padà, òun á mú Àṣàkẹ́ dání lọ sí Àbíjàn, ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun á máa tọ́jú rẹ̀ títí èmi náà fi máa wá. Ó ní ọmọ tó mọ òun tó báyìí, kí ló tún ń dá a dúró? Nígbà tí olùkọ́ Òṣogbo bá ń retí wa, ọmọ mi á wà ní ìlú tí kò gbọ́ èdè wọn, lọ́dọ̀ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, tí wọ́n á máa di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú pé kó wo àwọn. Wọ́n á ní olóríkunkun ni. Ta ló máa sọ fún wọn pé kò yẹ kí wọ́n gbá a létí?

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn náà. Mo jókòó sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, mò ń wo stone pẹ̀lú rẹ̀ bí dókítà ṣe wí, mi ò sọ̀rọ̀. Ó mú búlúù kan tí gọ́ọ̀mù ṣì wà lára rẹ̀, ó gun orí itan mi, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ mi lójú, ní ìsàlẹ̀ ojú òsì yìí gan-an. Ó wá ń wò ó. Ojú ọmọ mi kọjú sí ojú mi, mi ò lè mí, ẹ̀rù ń bà mí kí stone má jábọ́. Ó ń wò ó, ó ń wò ó... ó dà bíi pé ojú rẹ̀ kúrò lórí stone, ó gòkè díẹ̀, ó bá ojú mi pàdé, ó tún padà sísàlẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú ojú. Ṣé ó wò mí ni? Àbí ìfẹ́ kó wò mí ló ń ṣe mí? Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, ṣùgbọ́n èmi ò lè búra. Omijé mi ló tú gọ́ọ̀mù, stone jábọ́, Àṣàkẹ́ sì bá a lọ sílẹ̀.

Ibẹ̀ ni èrò tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ yìí ti wọlé. Mo ti ń rán fìlà fún ọkọ mi. Fìlà Iléyá, aṣọ òkè búlúù, mo sì ń to stone sí iwájú rẹ̀, síbi tó máa bọ́ sí ọ̀gangan iwájú orí. Tó bá sọ̀kalẹ̀ ní gáréèjì pẹ̀lú fìlà yẹn lórí, Àṣàkẹ́ máa wò ó. Á sáré pàdé rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mo ti ṣe é dé ìdajì, ó rẹwà jù... Màámi rí i lánàá, wọ́n ṣàdúrà fún mi, wọ́n ní ìyàwó tó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀ ni mí. Mo sì fẹ́ràn rẹ̀ lóòótọ́, ìyẹn gan-an ni ìyà ibẹ̀.

Tí mo bá sọ òótọ́ fún un, mo gba ohun kan ṣoṣo tó ń mú un dìde láàárọ̀ ní ìlú onílùú, ó sì lè sọ pé ará Ìfọ́n tó ti tan òun jẹ tó báyìí, kí ló kù tí kò lè ṣe. Ó lè fa ọmọ yọ lọ́wọ́ mi pátápátá. Tí mi ò bá sọ, ó máa gbé e lọ sí Àbíjàn pẹ̀lú fìlà lórí. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Ṣé kí n sọ fún Màámi kí wọ́n bá mi sọ ọ́? Ṣé kí n jẹ́ kó dé kó fojú ara rẹ̀ rí i? Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ wà lórí page yìí, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ṣé ẹ máa fẹ́ mọ̀? Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ní irú ọmọ yìí, báwo lẹ ṣe sọ ọ́ nílé?

Fìlà náà wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Àṣàkẹ́ dúró tì mí, ó ń yí orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń wò ó. Gọ́ọ̀mù ti fẹ́ máa gbẹ. Ẹ jọ̀ọ́... kí n lẹ èyí tó kù ni, àbí kí n ṣí i kúrò?